Ẹni Tó Fọwọ́ Lé Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láìfa wàhálà ni ẹ̀gbọ́n Kíákíá ya odi.

Àwọn oníbúrẹ́dì tó ń bá kó ẹrù ni wọ́n sọ ọ́ ní Kíákíá, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe, nítorí kò sí ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dé kíákíá láyé. Ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan ni. Ó háyà rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Oníháyà, àdéhùn sì ni pé bó bá san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tán, ọkọ̀ di tirẹ̀. Bí wọ́n bá tún hóònù ṣe lónìí, búréèkì a daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Bí búréèkì bá gbọ́ràn, iná iwájú a kú. Búrẹ́dì a gan sínú rẹ̀ lójú pópó, àwọn oníṣọ́ọ̀bù a sì bú Kíákíá títí yóò fi sú wọn.

"Ọmọ mi, mo ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀," ni mẹkáníìkì rẹ̀ wí, bàbá arúgbó kan tí kì í purọ́ fún oníbàárà. "Ó ku ìwọ tó ń wà á. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Dá ọkọ̀ yìí padà fún olówó rẹ̀."

Ọ̀gá Oníháyà kọ̀ jálẹ̀. "Ẹni tó háyà ló ń tún un ṣe. Bó o bá já a sílẹ̀, onídùúró rẹ ni mo máa mú."

Onídùúró náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Aránṣọ ni, òun ló sì tọ́ Kíákíá dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọkọ̀, Ọ̀gá ní kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sọ ohun tí gbogbo onídùúró ń sọ níbẹ̀: "Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ yìí, ọwọ́ mi ni kí ẹ ti gbà á." Ó fẹ̀rín sọ ọ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì tan ọkọ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, wọ́n sì lọ sílé.

Nígbà tí Kíákíá padà lọ bẹ Ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkùnrin náà wò ó látòkè délẹ̀.

"Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ dáadáa?"

"Ó ti rẹ̀ mí dé egungun, Ọ̀gá. Ẹ wò ó, mo rò pé màá ti ní ọkọ̀ mẹ́ta báyìí."

"Ó dáa. Ẹni tí kò bá tíì rẹ̀, mi ò kì í mú un dé ẹ̀yìn."

Yàrá kan tí kò ní fèrèsé ló wà lẹ́yìn ọgbà ọkọ̀ náà. Kòtò tí àwọn mẹkáníìkì máa ń dúró sí lábẹ́ ọkọ̀ ló wà láàárín rẹ̀. Òórùn ọ́ìlì jíjó gba ibẹ̀ kan, òórùn ẹ̀jẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá kan jókòó sórí táyà nísàlẹ̀ kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rì sínú ọ́ìlì dúdú dé orúnkún. Oníṣègùn Ọ̀gá ni. Kò gbójú sókè.

"Kí ló ń ṣe ọkọ̀?"

"Hóònù rẹ̀ kì í dún, Baba. Búréèkì náà, iná náà..."

"Mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọra kì í jẹ́ kí onídùúró pẹ́."

Kíákíá gbọ́ ọ. Ó yẹ kó béèrè. Àmọ́ àárẹ̀ ti pa ìbéèrè mọ́ ọn lẹ́nu, ó kàn na àtàǹpàkò rẹ̀ sísàlẹ̀. Abẹ kọjá lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná, baba náà sì la ẹnu tí kò sí eyín kan nínú rẹ̀:

"Àtùpà kì í tàn kí epo má dín.
Ààrò kì í gbóná kí igi má jó.
Ẹni tó fọwọ́ lé e ni yóò gbé e ró.
Dún!"

Níta, hóònù ké. Kò sẹ́ni nínú ọkọ̀. Igbe náà dà bíi ti obìnrin tó ń pe ọmọ láti ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó la ẹnu sílẹ̀, ó di ọ̀fun mú. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Dókítà wò ó títí, kò rí nǹkan kan.

Kíákíá sọ fún ara rẹ̀ pé àìsàn ni. Ó tún padà lọ nítorí búréèkì. Búréèkì gbọ́ràn, orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì le gan-in, kò lè fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ mọ́. Iṣẹ́ ń wọlé, owó ń wọlé, ilé búrẹ́dì mìíràn tún bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ó tún lọ nítorí iná. Lọ́jọ́ yẹn, iná ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ rekete, ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì funfun bí ẹyin adìyẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á jókòó. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé orí tábìlì, bó ṣe tẹ́ ẹ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì fi ojú kan tó kù wò ó. Kíákíá bú sẹ́kún. Kò lè parọ́ mọ́. Láti ìgbà hóònù ló ti mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Kò, kò, kò. Bó bá ti kàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á di àyà mú.

Ó sáré lọ sí kòtò. "Baba, mi ò wá tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí n dúró fún ara mi."

Baba náà rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó háyà kì í ṣe onídùúró ara rẹ̀. Níbo lo ti gbọ́ ọ rí? Mú ẹlòmíì wá tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ onídùúró, àbí kó o lọ gbẹ́ sàréè. Ẹ́ńjìnnì kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Ta ni yóò mú wá? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ó ń rìn jáde lọ nígbà tó gbọ́ ohùn Ọ̀gá Oníháyà níwájú ọgbà, tó ń polówó ọkọ̀ fún àlejò kan bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, tó ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó ń búra. Kíákíá dúró. Lẹ́yìn náà ló sáré lọ bá mẹkáníìkì, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mẹkáníìkì wọ agbádá àyálò, ó fi ọwọ́ pamọ́ nítorí ọ́ìlì inú èékánná rẹ̀. Kíákíá wa ọkọ̀ náà wọnú ọgbà.

"Ọ̀gá, agbára mi ò gbé e mọ́. Mo bá yín mú ẹni tó fẹ́ gbà á wá, owó ọwọ́ ló máa san."

Ojú Ọ̀gá là. Mẹkáníìkì yí ọkọ̀ po, ó yínmú. "Ọkọ̀ yìí ń kàn. Wọ́n tiẹ̀ ní gbogbo ọkọ̀ yín ló ń ṣe wàhálà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ tèmi?" Inú bí Ọ̀gá. Ó gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, pá! "Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ yìí, ọwọ́ mi ni kí ẹ ti gbà á!"

Ẹnu ẹyẹ ló ń pa ẹyẹ. Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ó fa ọwọ́, ọwọ́ kò wá. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ta ṣàṣà bí ẹran lórí irin gbígbóná. Kò, kò, kò ni ẹ́ńjìnnì ń kàn, àyà rẹ̀ sì ń jìn wọnú ní kíkàn kọ̀ọ̀kan. Nǹkan dúdú bí ọ́ìlì ń ṣàn ní ihò imú rẹ̀.

"Kíákíá... sọ pé... sọ pé kì í ṣe..."

"Ó ti rẹ̀ mí, Ọ̀gá," ni Kíákíá wí.

Láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín baba inú kòtò ń bọ̀. Lójijì ni ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́ ìkànkàn, ó ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ọkọ̀ tuntun. Ọ̀gá Oníháyà sì so rọ̀ mọ́ ọn ní ọwọ́ kan, ó rọ jọwọrọ bí àpò tí wọ́n ti da ẹrù inú rẹ̀ nù.

Ẹ̀gbọ́n Kíákíá yè. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wọnú ọkọ̀ kò jáde mọ́. Kò sẹ́ni tó wá béèrè ọkọ̀ náà, Kíákíá kò sì lè tà á, kò lè sun ún, nígbà tí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gbé e sí abẹ́ fèrèsé. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a tiro wọ inú rẹ̀, a tẹ hóònù láti pè é wá jẹun, òun náà a sì dáhùn pé, "Mò ń bọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn, wọ́n sì fara mọ́ ọn.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, hóònù náà ha. Nígbà tó ṣe, kò dún mọ́ rárá. Kíákíá jáde, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, omijé ń dà lójú rẹ̀ láìsí ariwo kankan.

Kíákíá dúró níwájú ọkọ̀. Olówó ọkọ̀ ti kú, háyà ti tán. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé kò gbọ́dọ̀ dúró fún ara rẹ̀ mọ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rọra sọ ọ̀rọ̀ onídùúró náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún tẹ hóònù. Ó ké gbàmù, ohùn méjì nínú rẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wò ó láti inú gíláàsì iwájú, ó ń dúró de ìdáhùn rẹ̀.

Kíákíá la ẹnu bó ti máa ń ṣe. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.