Ohun Tí Ajá Jẹ Kí Ó Tó Gba Ìtànṣán

"Jẹ ẹ́ kíá, kí wọ́n tó rí wa!"

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni Ọ̀ṣuntóyìn lóṣòó sí, tó ń bu iṣu sísun sẹ́nu Kòséwu, ajá ọdẹ bàbá rẹ̀ àgbà. Bàbá àgbà náà, Ògúnlànà, ti ń pè é látinú ilé pé mọ́tò tí yóò gbé wọn láti Ẹdẹ lọ sí Ìbàdàn ti dé. Ajá gbé òkèlè ìgbẹ̀yìn mì, ọmọ náà sì fi etí aṣọ nu epo kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àbẹ́ ò rí nǹkan! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó mọ ìwé dáadáa!

Ẹ má tíì bú u ná. Oṣù mẹ́ta ni gìrì ti ń mú Kòséwu. Á ṣubú lulẹ̀, á máa ta ẹsẹ̀, itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní dìgbòlugi ni, kí Bàbá yìnbọn fún un. Bàbá kọ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n sì rí kókó kan nínú ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ pé àwọn dókítà kan ní Ìbàdàn ń fi ẹ̀rọ ìtànṣán jó irú kókó bẹ́ẹ̀ fún ajá, torí ìwádìí tí wọ́n ń ṣe. Àṣẹ kan ṣoṣo ni Dókítà Fawziyah, ọ̀kan lára wọn, pa lórí fóònù: "Ajá ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ láti alẹ́. Omi nìkan ni kẹ́ ẹ fún un."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wọ Ọ̀ṣuntóyìn lára. Nílé ọdẹ tí wọ́n bí i sí, ajá kì í lọ sí ìrìn àjò láì jẹun lọ́wọ́ ará ilé. Wọ́n gbà pé èyí tó bá fi ebi jáde kì í padà wálé mọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ti sọ pé, "Ọ̀rọ̀ dókítà la ó tẹ̀ lé lónìí. Ògún á gbọ́ ti wa." Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ náà ò balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn, Dókítà Fawziyah jáde wá pàdé wọn.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá." Ó fọwọ́ pa ajá lórí. "Ìtànṣán yìí ò ṣeé fojú rí, orí kókó náà nìkan ló sì gbọ́dọ̀ bà. Bí ajá bá mira pẹ́nrẹ́n, ibi tó dáa nínú ọpọlọ ló máa jó. Ìdí nìyẹn tá a fi máa fún un lábẹ́rẹ́ oorun. Ṣé ó ti jẹ nǹkan kan láàárọ̀ yìí?"

"Rárá o," ni Bàbá dáhùn. Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Àbí, Ọ̀ṣun?"

Ọ̀ṣuntóyìn mirí.

"Kò jẹ nǹkan kan, mà."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tiwa yìí ò tiẹ̀ lo wákàtí kan. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọ Kòséwu lára, tí orí rẹ̀ wó sórí tábìlì, ni ikùn rẹ̀ fà. Iṣu pẹ̀lú epo tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ajá tó ti sùn ò lè wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ ń dúdú lọ.

"Oúnjẹ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀!" Dókítà pariwo. "Kí ló jẹ? Ta ló fún un?"

Ọ̀ṣuntóyìn sáré síwájú. "Èmi ni, mà! Iṣu ni! Ẹ̀rù ló bà mí pé kò ní padà wálé!" Ó bú sẹ́kún. Bàbá ò bá a wí. Ó kàn ṣí fìlà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà náà mú, ìyẹn sì já ọmọ náà láyà ju pàṣán lọ.

Wọ́n fi ẹ̀rọ fa oúnjẹ náà jáde, Kòséwu sì mí. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọlé di àìsàn sí i láyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń wúkọ́, tí wọn ò lè tún fún un lábẹ́rẹ́ oorun, kókó sì ń dàgbà. Ní Ẹdẹ tí Bàbá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ padà sí, bí fóònù Bàbá bá ti dún, Ọ̀ṣuntóyìn á di etí, kó má baà gbọ́ pé ajá ti kú.

Nígbẹ̀yìn, Kòséwu gba ìtànṣán náà, gìrì sì dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ mú un, ó gbọ́ ohùn wọn, ó sáré jáde, ó sì forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.

"Dókítà," Ọ̀ṣuntóyìn bi í, "ká ní mi ò fún un níṣu ni, ṣé ojú rẹ̀ ò ní fọ́?"

"Mi ò ní tàn ẹ́," ni Dókítà Fawziyah wí. "Kókó náà ló fọ́ ọ lójú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n iṣu nìkan kọ́ ló fà á o. Ká ní o sọ òótọ́ nígbà tí mo bi yín, à bá kàn sún abẹ́rẹ́ oorun náà sí ọjọ́ kejì ni."

Ọjọ́ kan péré!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rù lè ba ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ gbà yín bá bi yín léèrè, ẹ jẹ́wọ́, kódà bí ojú bá ń tì yín. Títí dòní, Ọ̀ṣuntóyìn ló ń fi okùn fa Kòséwu jáde láràárọ̀, ajá tó máa ń ṣíwájú ọdẹ wọ igbó tẹ́lẹ̀.