Ọkọ̀ Tí Olúsànmí Fi Fẹ̀yìntì

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí Olúsànmí dé etí omi ní Ubeji, tó sì rí i pé ọkọ̀ òun ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni. Ó sún mọ́ igi tí wọ́n máa ń so ó mọ́. Ṣéènì wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì sí ojú ayùn tàbí òòlù lára rẹ̀. Ẹni tó gbé ọkọ̀ náà lọ ò já nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i.

Olúsànmí fọwọ́ kan àyà. Kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èkejì wà lọ́wọ́ Ìkúnayọ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ náà.

Iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté Warri ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìntì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Òun kọ̀. Gbogbo ohun tí ìjọba fún un ló kó lé ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù kan àti ẹ́ńjìnnì tuntun. Ó ń kó àwọn ẹlẹ́ja láti abúlé dé abúlé, Jemima ìyàwó rẹ̀ á jókòó síwájú ọkọ̀, á máa kọrin ìyìn. Ara rẹ̀ yá ju ti ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ó ti bẹ Ọlọ́run pé ojú omi ni kí òun ti lo ìyókù ọjọ́ òun.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Inspẹ́kítọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Papa, key be how many?"

"Na two. One dey my neck, one dey my pikin hand."

"Another person don hold am before?"

"Nobody."

Olúsànmí ò ronú kó tó dáhùn. Ó dá a lójú pé òótọ́ ni òun sọ.

Inspẹ́kítọ̀ dìde. "Then na your pikin."

Kí oòrùn tó dé àtàrí, wọ́n ti mú Ìkúnayọ̀ wá. Ọmọ náà ń sunkún. "Papa, I no do am. Tell dem."

Olúsànmí wò ó. Ó rántí pé láìpẹ́ yìí ni ọmọ yìí sọ pé òun fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, pé ẹ́ńjìnnì yẹn á pa owó gidi bí wọ́n bá tà á. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó lè gbé e mì.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ ibi tó wà."

Ẹkún Ìkúnayọ̀ dá. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kò sì wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, Jemima gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja lọ fún ọmọ rẹ̀. Olúsànmí tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì ní iwájú àgọ́, wọ́n bá Bàbá Adéfọláhàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ ìjọ wọn. Òun náà gbé abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́.

"Ta lẹ gbé oúnjẹ wá fún, sà?" Jemima béèrè.

"Dírẹ́bà mi ni. Wọ́n jí bọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ fi máa jẹun lọ́jọ́ ogbó, nínú ọgbà mi ní Enerhen. Wọn ò fọ́ gíláàsì kankan. Ọlọ́pàá ní ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun ló jí i."

"Ta ló tún di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú rí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ rò ó dáadáa, sà."

Bàbá náà rò ó. "Kò sẹ́nì kankan, àfi ìgbà tí a gbé e síwájú pẹpẹ."

Jemima rọra gbé abọ́ sílẹ̀.

Nínú ìjọ wọn, bí ẹnikẹ́ni bá ra ohun tuntun tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́, á gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n á fi òróró sí i, wọ́n á fi í sínú abọ́ funfun níwájú pẹpẹ, á sì sùn síbẹ̀ títí di ọjọ́ àdúrà àárín ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí pé òun fi kọ́kọ́rọ́ lé èèyàn lọ́wọ́. Ọwọ́ Olúwa ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni Olúsànmí náà ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ búlúù rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá àlejò fara ti pẹpẹ, Ajíhìnrere Enoch ló sì ń gbé ibẹ̀. Ó wá láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ìwàásù fún àwọn tó ti fẹ̀yìntì, pé kí wọ́n má jókòó kalẹ̀, kí wọ́n ra ohun tí wọ́n á fi ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tan àbẹ́là pẹpẹ.

"Bàbá Ìkúnayọ̀," ni Jemima wí, "Ọlọ́run ò jí ọkọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́run nìkan ló ń sùn níbẹ̀."

"Dákẹ́, Jemima. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni."

"Ọmọ mi tó wà ní sẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ta ló ni òun náà?"

Olúsànmí gbé abọ́ oúnjẹ ọmọ náà lé ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́.

Wọ́n ní kí Bàbá Adéfọláhàn lọ sọ fún Inspẹ́kítọ̀. Olúsànmí àti Jemima mú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀n. Wọ́n bá Ajíhìnrere níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ẹ ń rìnrìn àjò, sà?" Olúsànmí béèrè.

"Sàpẹlẹ́ ń pè mí, Bàbá. Iṣẹ́ Olúwa ò gbọdọ̀ dúró."

"Kọ́kọ́rọ́ mi tó sùn níwájú pẹpẹ, ṣé ẹ mú un jáde níbẹ̀?"

Enoch rẹ́rìn-ín. "Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ẹ kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún yín."

"Mo bi yín ní ìbéèrè kan."

Ẹ̀rín náà kú. "Ẹ ṣọ́ ẹnu yín, Bàbá. Bí mo bá sọ pé ọmọ yẹn ò ní jáde, kò ní jáde."

Olúsànmí sún sẹ́yìn. Látìgbà èwe ló ti ń bẹ̀rù ègún ẹnu wòlíì. Ṣùgbọ́n ojú Jemima wà nínú báàgì tó ṣí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó nawọ́, ó fa ìṣù àbẹ́là kan yọ, ó fẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Eyín kọ́kọ́rọ́ hàn kedere lójú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí wọ́n lè rọ irú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

Enoch já báàgì gbà, ó ti Jemima lulẹ̀, ó fò gba ojú fèrèsé. Kí Olúsànmí tó dé títì, ó ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n gba òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta Enerhen, èrò ti gbé e mì.

Inspẹ́kítọ̀, tí Bàbá Adéfọláhàn ti sọ fún, tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì. Ó yẹ àbẹ́là náà wò, ó mí kanlẹ̀. "Him don enter motor. E don go."

Jemima ti yọ fóònù. Látàná ni àwọn ẹlẹ́ja ti ń bá wọn wá ọkọ̀ búlúù kiri, wọn ò rí i. Ó pe Hadassah, ẹlẹ́ja kan tó máa ń bá wọn wọ ọkọ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ìlàjẹ.

"Ẹ má wá ọkọ̀ mọ́. Ajíhìnrere Enoch ni kẹ́ ẹ máa wá. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n."

Kò pẹ́ tí Hadassah fi pè padà. "Ìyá Ìkúnayọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú wa, kò kí ẹnì kankan. Ó wọ inú igbó etí omi lẹ́yìn Ubeji. Ọkọ̀ funfun kan wà níbẹ̀ tí a ò mọ olówó rẹ̀."

Wọ́n háyà ọkọ̀ kan ní etí omi. Olúsànmí ló wà á. Bí wọ́n ṣe yọ sí ẹnu odò kékeré náà ni ẹ́ńjìnnì ké nínú igbó, ọkọ̀ funfun sì tú jáde. Olúsànmí mọ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun bo búlúù náà mọ́lẹ̀.

Enoch mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì, àmọ́ kò mọ omi. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá débi pé omi rọ́ lu ọlọ́pàá lójú. Ó jìnnà sí wọn. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ sójú odò ńlá, níbi tí apá wọn ò ti ní ká a mọ́. Ó wá gé kọ́nà kúrú kó lè tètè dé ibẹ̀, ọkọ̀ sì gun orí ẹrẹ̀, ó dúró gbọn-in. Ó fò sílẹ̀ láti sá, ẹrẹ̀ gbé e mì dé ìbàdí.

Inspẹ́kítọ̀ na ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i. "Pastor, oya, bring your two hands. Make we pray."

Kọ́kọ́rọ́ ń dún woroworo nínú báàgì rẹ̀. Ní àgọ́, gbogbo ìgbéraga ti kúrò lójú rẹ̀.

"Your name?"

"Stephen."

"Who be Enoch?"

"Na work name."

Olúsànmí sún mọ́ ọn. "Níbo ni bọ́ọ̀sì Bàbá Adéfọláhàn wà?"

"Sàpẹlẹ́. Ẹni tó fẹ́ rà á ò tíì dé."

"O ò bẹ̀rù Ọlọ́run?"

Stephen wolẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, tẹ́ ẹ sì dijú."

Wọ́n rí bọ́ọ̀sì náà gbà ní Sàpẹlẹ́. Dírẹ́bà jáde, Bàbá Adéfọláhàn dì mọ́ ọn níwájú gbogbo ènìyàn. Ìkúnayọ̀ náà jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i.

Olúsànmí tẹ̀ lé e títí dé etí omi. Ọmọ náà ti wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n fà padà síbi igi rẹ̀, ó ń fi èékánná họ ọ̀dà funfun náà.

"Mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ ju tìrẹ lọ," ni Olúsànmí wí. "Mo ti bẹ Ọlọ́run. Ìwọ ni mo wá bẹ̀ báyìí."

Ìkúnayọ̀ họ ọ̀dà, ó tún họ ọ́, títí búlúù fi yọ díẹ̀.

"Papa, this paint no go comot like this," ló wá sọ, kò gbójú sókè. "We need kerosene."

Olúsànmí ò rán ẹnikẹ́ni. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sáré gun etí omi náà, ó ń lọ rà á.