Awò Orí Ìbọn Dosi

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Tọ̀yìbátù yọjú lójú fèrèsé yàrá kan nílé-ẹ̀kọ́. Dosi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń fa bàbá rẹ̀ tó fọ́jú lọ́wọ́ lọ síbi ìjókòó lábẹ́ igi àgbọn. Ìbọn Dosi wà lórí tábìlì nínú yàrá, awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọta máa bà wà lórí rẹ̀. Tọ̀yìbátù di kókó kékeré tí wọ́n fi ń tún awò náà ṣe mú, ó yí i, ó sì yára jáde.

Nígbà tí owó epo ń wọlé fún ìjọba ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Kankon rí àwọn ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ náà gbà fún ìdíje. Ọ̀gá Gbádégẹṣin, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ wọn. "Ẹ mí síta díẹ̀, kí ẹ dá èémí dúró. Ẹ rọra fi ìka fà á. Ẹ má sì gbàgbé atẹ́gùn òkun." Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn tó Dosi. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú láti ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ wọn, bàbá Tọ̀yìbátù sì ti ń sọ káàkiri ìlú Ìmẹ̀kẹ pé ọmọ òun ni.

Lọ́jọ́ ìdíje náà, àìsàn dá Ọ̀gá dùbúlẹ̀. Àwọn àlejò láti Ìkẹjà ló wá ṣe ìdájọ́.

Dosi yìnbọn sí pépà tí wọ́n gbé kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Apá òsì ni ọta lọ. Ó nu ojú, ó tún yìn ín. Apá òsì náà ni.

"Tọ̀yìbátù, mo rí àárín pépà yẹn kedere," ló sọ nígbà tó dìde. "Àbí ojú mi ló ti ń lọ? Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ fún bàbá mi."

"Bóyá atẹ́gùn ni," ni Tọ̀yìbátù fèsì.

Tọ̀yìbátù ni wọ́n mú. Dosi kò wá sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Seme ní ẹnubodè, kó lè mọ òwò búrẹ́dì dáadáa kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Tọ̀yìbátù gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ṣe ìdánwò àṣekágbá, wọ́n parí rẹ̀, Dosi kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ara Ọ̀gá yá, ó tẹ́ pépà tí Dosi yìnbọn sí sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ náà. "Gbogbo ọta yìí sún mọ́ra wọn. Ká ní ojú ni, wọn ì bá tú ká. Ẹnìkan ló yí awò yìí. Ta ni?"

Tọ̀yìbátù bú sẹ́kún. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, Ọ̀gá sì mú un lọ sí Seme.

Wọ́n bá Dosi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ru igbá búrẹ́dì. Tọ̀yìbátù kúnlẹ̀ nínú eruku, ó jẹ́wọ́.

"Mo máa ń di ojú mi nínú ilé," ni Dosi wí, "mo ń kọ́ bí mo ṣe máa fọwọ́ wá ọ̀nà. O mọ̀, o dákẹ́."

"Jọ̀ọ́, Dosi, padà wá."

"Ìdánwò wo ni mo fẹ́ padà wá ṣe?" Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá. "Ẹ ṣé, sà." Ó yí padà sọ́dọ̀ àwọn èrò ọkọ̀. "Ẹ ra búrẹ́dì gbígbóná o!"

Tọ̀yìbátù yege ìdánwò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́ni bá a yọ̀. Ipò kan péré ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gba ohun tí kò lè dá padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ń fi èrú díje kì í mọ ibi tí èrú náà máa dé. Aláìṣẹ̀ ló sábà máa ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í tún un ṣe tán.