Nọ́ńbà Mẹ́rìnlélógún Tí Kò Ní Orúkọ

Ẹsẹ̀ méjì ni Ayọ̀bọ́lá kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà. Wọ́n yọ jáde lábẹ́ tábìlì ọmọbìnrin náà nílé ìtẹ̀wé bàbá rẹ̀ ní Ìjerò, ìbọ̀sẹ̀ kan búlúù, èkejì pupa, ẹni tó sì ni wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́ lábẹ́ ibẹ̀ bíi pé inú yàrá ara rẹ̀ ló wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣé ìbọ̀sẹ̀ yín ń bára wọn jà ni?"

Ọkùnrin náà forí gbá tábìlì kó tó jáde. Ó ní wọn ò jà, wọn ò kàn mọra wọn rí ni. Ẹ̀rín pa Ayọ̀bọ́lá, kò sì fẹ́ kó hàn.

Gbóyèga lorúkọ rẹ̀. Ìkìrun làwọn òbí rẹ̀ ti wá tẹ̀ dó sí Arámọkọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó so kọ̀ǹpútà pọ̀ kí wọ́n lè máa bára wọn sọ̀rọ̀. Alàgbà Bánkọ́lé, bàbá Ayọ̀bọ́lá, ló ránṣẹ́ pè é, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó ń tẹ ìwé ètò ìsìn fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì láti Ìkòrò títí dé Ẹ̀fọ̀n ti ń sá pa mọ́. Bí wọ́n bá dé láàárọ̀, kọ̀ǹpútà á wá a títí, kò ní rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín nípa Ayọ̀bọ́lá: ọmọ ìdí-abájọ ni. Láti kékeré ló ti ń béèrè ìbéèrè tó ń mú kí tíṣà wo aago. Ó ní báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà? Gbóyèga ní gbogbo wọn ló ní àdírẹ́sì, nọ́ńbà ni. Ráútà, àpótí kékeré tó ń fún wọn ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń pín in. Nọ́ńbà tó fún ẹ̀rọ lónìí lè yàtọ̀ sí ti ọ̀la, kọ̀ǹpútà á sì máa kanlẹ̀kùn ilé tí ẹ̀rọ ti kó kúrò. Ó ní òun fẹ́ fún àwọn tí kì í kúrò nílé ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà mọ́.

Ayọ̀bọ́lá ronú díẹ̀. "Bí àga ìdílé nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí wọ́n bá júwe fún àlejò ló máa jókòó sí. Ṣùgbọ́n àga tiwa, tiwa ni, bá a tilẹ̀ pẹ́ dé."

Gbóyèga gbé wáyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fáwọn èèyàn lọ́dún méjì, ẹnì kankan kò sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti mú un.

Ó fi pẹ́ńsù kọ ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nọ́ńbà ogún, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mọ́kànlélógún, kọ̀ǹpútà Ayọ̀bọ́lá. Méjìlélógún, kọ̀ǹpútà iwájú. Mẹ́tàlélógún, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà. Ó kọ mẹ́rìnlélógún, kò sì kọ nǹkan kan síwájú rẹ̀.

Ayọ̀bọ́lá ní ta ló ni ìyẹn. Ó ní ẹni tó ni ín kò tíì dé.

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà kan láti orí kọ̀ǹpútà, kí èèyàn lè mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà wá lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí nǹkan kan kò bàjẹ́, pẹ̀lú ọsàn láti Arámọkọ. Ọmọbìnrin náà ń pè é ní Oníbọ̀sẹ̀, òun náà ń pè é ní Ayọ̀ mi. Gbogbo ìgbà tó bá béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún, ẹ̀rín ni Gbóyèga ń rín.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá pa mọ́. Gbóyèga wá, ó bá Alàgbà lọ́nà tó ń lọ sóko kòkó, ó dé ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ kejì, ó tún kọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Alàgbà kì í ṣe ọmọdé. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n: ọmọkùnrin yìí ló ń dọ́gbọ́n ba ẹ̀rọ jẹ́ kó lè máa rí àyè wá wo ọmọ òun.

"Kò gbọdọ̀ tẹ ulé mi mọ́," ó wí. "Ẹni tó ba uṣẹ́ mi jẹ́ nítorí ọmọ mi, yóò ba ọmọ náà jẹ́ nítorí nǹkan mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ayọ̀bọ́lá dé egungun, nítorí òun náà kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó fẹ́ràn Gbóyèga. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkùnrin náà ló ń ṣe é, òun kò ní lè fẹ́ ẹ, bó ti wù kó dun òun tó. Ìwé ètò ìkórè sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó pe nọ́ńbà ogún. Ó dáhùn. Ó pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó yọ wáyà rẹ̀, ó tún pe ogún. Ó tún dáhùn.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ta ló ń dáhùn lórúkọ ẹ̀rọ tí a ti pa? Ó ń pè é ṣáá. Bàbá rẹ̀, tó jókòó nítòsí, dìde, ó ní òun ń lọ rí olùṣọ́àgùntàn, kò sì pẹ́ tí ìdáhùn fi dákẹ́. Ó ki wáyà padà, ó tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tẹ̀wé. Bàbá padà dé, ẹ̀rọ daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò Alàgbà ló wà: fóònù tuntun tó rà lóṣù yẹn, tó ń lo wáìfáì wọn, òun ló ń dáhùn sí ogún.

Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Gbóyèga ni ọmọbìnrin náà pè, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fẹ́ mọ ẹni tí ọkùnrin náà yóò dá lẹ́bi. Gbóyèga kàn ní òun ń bọ̀.

Ọ̀kadà já a sílẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Alàgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le. Gbóyèga dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, sà. Mo fún ẹ̀rọ yín ní nọ́ńbà, mi ò sì sọ fún ráútà pé kó má fi ta àlejò lọ́rẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ ò tíì tan ẹ̀rọ, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ mi ni mi ò ṣe parí."

Alàgbà ní ta ni ẹlòmíràn náà. Gbóyèga wolẹ̀. Ayọ̀bọ́lá ló ní, "Fóònù yín ni, Bàámi."

Alàgbà yọ fóònù, ó wò ó bí ẹni wo olè. Ó yíjú sí Gbóyèga. "Ì bá rọrùn fún ọ láti dì í rù mí."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ fún ara yín ní nọ́ńbà, sà."

Iṣẹ́ náà kò gbà á lákòókò púpọ̀. Ó pàṣẹ fún ráútà pé kó máa fún àlejò ní ọgọ́rùn-ún sókè, kó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fáwọn onílé. Ìwé ètò ìkórè jáde tán, Alàgbà wà níbẹ̀, fóònù rẹ̀ wà lápò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Alàgbà wọ gíláàsì, ó ń ka ìwé ara ògiri. "Mẹ́rìnlélógún yìí ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Òógùn bo Gbóyèga. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wá lòun ti yà á sọ́tọ̀. Ó ní bí ilé yìí bá lè gba òun, kì í ṣe bí àlejò, òun ló ni ín.

"Èmi kọ́ ni kó o bi," ni Alàgbà wí. Ó ń lọ síta. "Ṣùgbọ́n tí ó bá gbà, kí àwọn ará Ìkìrun wá rí mi."

Ayọ̀bọ́lá dìde. Gbogbo orúkọ tó wà lára ìwé náà, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó mú bírò, ó kọ *Gbóyèga* síwájú mẹ́rìnlélógún.