Ègbè Inú Fóònù Monínúọlá

Orin tí fóònù Monínúọlá kọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà kò sí nínú géèmù yẹn tẹ́lẹ̀. Ó mọ àwọn orin inú rẹ̀ bí ẹni mowó, èyí kò sí lára wọn. Obìnrin kan ló ń lé e, láìsí ìlù, láìsí jìtá, ohùn rẹ̀ sì ń bọ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú yàrá òfìfo.

"Àbẹ̀kẹ́ o, ó yá, ulé yá."

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì Monínúọlá, ilé ni wọ́n sì ń pè ní ulé lédè ìlú wọn. Kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Fúnkẹ́mi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú sí Ìgèdè.

Kí ẹnikẹ́ni má baà fi Monínúọlá ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí géèmù yìí ṣe fún un. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, àdúgbò Adébáyọ̀ ló ń gbé. Rọpárọsẹ̀ mú un lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ náà sì rọ bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Ó lo oògùn, wọ́n fi òróró ra á, pàbó ló já sí. Tẹniọlá ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbé géèmù náà sórí fóònù rẹ̀. Fóònù á lé orin, òkúta aláwọ̀ mèremère á sì máa já bọ́ láti òkè bí òjò. Bí o bá tẹ òkúta nígbà tó kan ìlà, ègbè á dún; bí o bá pẹ́, ègbè á dákẹ́, ojú á sì tì ọ́. Àfi bí idán! Ọwọ́ tí kò lè di ṣíbí mú bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀lé orin. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gberin kan já láìsí òkúta kan tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sunkún bí ọmọdé. Ó fẹ́ràn géèmù náà gan-an, kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, nígbà tí ohùn Fúnkẹ́mi lé orin, ó gbè é. Ó mọ̀ pé a kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn. Ṣùgbọ́n láti kékeré wọn, Fúnkẹ́mi ló ń lé, òun ló ń gbè; àbúrò kì í gba orin lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. Ìka rẹ̀ ti tẹ àwọn òkúta náà kó tó ronú, ègbè sì dún jáde:

"Mò ń bọ̀ o."

Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kú. Ó tutù bí ìgbà tí èèyàn tì í bọ omi àmù. Lọ́jọ́ kejì, orin náà tún dé. Ó pinnu pé òun ò ní tẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì náà dá lọ fúnra rẹ̀. Ìka tó tẹ̀lé e tún kú.

Nígbà tó sọ fún Tẹniọlá, jìnnìjìnnì bo ọmọ náà.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́." Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni pé fóònù ń gbọ́. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tí 'mò ń bọ̀' yẹn ń gbé yín lọ."

"A kì í tìtorí gbígbó pa ajá. Géèmù yìí ló dá ọwọ́ mi padà. Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni, Màámi. Wọ́n ti kú."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n sì ti darí mi tó nígbà tí wọ́n wà láyé."

Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní kí Tẹniọlá bẹ̀rẹ̀ eré náà.

"Àbẹ̀kẹ́ o, ó yá, ulé yá."

Òkúta já bọ́. Kò tẹ ọ̀kankan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń jà láti lọ, ó fi tọ̀tún dì í mú. Yàrá tutù, òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ sì gba gbogbo ibẹ̀. Ohùn náà tún pè é, ó ti ń bínú. Ẹ̀rù ba Monínúọlá, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ju ẹ̀rù lọ. Ó ṣe ohun tí àbúrò kì í ṣe: ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oríkì, ó sì gba orin náà lẹ́nu rẹ̀.

"Àjíkẹ́ o, dúró sí ulé rẹ!"

Fóònù dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni òkúta tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, wọ́n ń tẹ̀lé ohùn rẹ̀. Tẹniọlá ti fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ Monínúọlá ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, bí òkúta kọ̀ọ̀kan ṣe ń kan ìlà, nǹkan kan ń tẹ̀ ẹ́.

"Mo dúró o."

Ó ń lé e lọ, ohùn náà ń gbè é, títí ìka rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Nígbà tí orin parí, kò sí òkúta kan ṣoṣo tó bọ́ láìtẹ̀.

Erùpẹ̀ pupa wà lójú fóònù, ó rí bí ojú ìka èèyàn. Tẹniọlá fi aṣọ nù ún, ó nù ún títí.

"Màámi, kò kúrò. Abẹ́ gíláàsì ló wà."

"Mo rí i." Monínúọlá fi ọwọ́ òsì gba fóònù náà, ó dì í mú gírígírí. "Fi ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀. Wọ́n ti lé orin tó. Ó ti kàn wọ́n láti gbè."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ eré náà. Kó tó la ẹnu, ẹnì kan ti húkọ́ nínú fóònù, bí akọrin tó ń dúró de ìgbà tirẹ̀.