Àmì Pupa Lábẹ́ Ọ̀rọ̀

Tàíbátù gba àròkọ rẹ̀ lọ́wọ́ olórí kíláàsì. Ìwé yìí nìkan ni ìrètí rẹ̀. Ẹni tó bá gbégbá orókè nínú ìdíje àròkọ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì yóò lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀, opó tó ń dín àkàrà tí wọ́n ń pè ní kóòsé ní Sabon Zongo, ní Accra, ti là á mọ́lẹ̀: "Tàíbá, agbára mi ò gbé e mọ́. Bí o bá ti jáde sẹ́kọ́ńdírì, ọ̀dọ̀ Àǹtí Zuweira ní Kotobabi lo máa lọ, kí wọ́n kọ́ ẹ ní aṣọ rírán."

Madam Afua, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn, ti fi báírò pupa kọ ilà sójú ìwé náà. Èyí tó yé Tàíbátù, ó tún un ṣe. Ìpínrọ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ ti pèsì jẹ. Ibẹ̀ ló ti kọ ọ́ pé: "Èéfín ààrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ojú ìyá mi, ṣùgbọ́n ojú yẹn ló ń ṣọ́ mi títí màá fi ka ìwé mi tán." Madam fa igi pupa la ìpínrọ̀ náà já, ó tún to àmì kéékèèké sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì kọ "stet" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá Tàíbátù ti kọ́ ọ ní ABD kó tó kú. Ó mọ̀ pé Yorùbá ló ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà: ẹ, ọ, ṣ. Kí ni àmì ń wá lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Phoebe, tó jókòó tì í, yọjú wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Chale, ọ̀rẹ́ mi, Madam ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì Anago lo kọ. Ó bá ẹ fi àmì yín sí i."

Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Accra, Accra yìí náà ni wọ́n sì bí Tàíbátù àti ìyá rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn.

Yusif, tó wà lẹ́yìn wọn, ní, "Lọ bi Madam."

"Kí wọ́n tún fi mí ṣẹ̀sín lójú gbogbo tíṣà?"

Aago méjì ni wọn yóò kó àwọn àròkọ lọ. Ó ku wákàtí kan. Ẹ̀rù ń bà á, ojú ń tì í, inú ń bí i; níbo ni làákàyè fẹ́ gbà wọlé? Ó da àròkọ náà kọ, ó yọ ìyá rẹ̀ kúrò pátápátá, ó fi ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu nípa ìwúlò ẹ̀kọ́ dí àlàfo náà, ó sì fi í lé akọ̀wé ilé ìwé lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Orúkọ Tàíbátù kò sí níbẹ̀. Madam Afua ránṣẹ́ pè é.

"Tàíbátù, ìyá rẹ dà?"

"Wọ́n wà nílé, Madam."

"Nínú àròkọ yìí ni mo ní. Àwọn adájọ́ kọ ọ́ síbí pé o mọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Kí ló dé tí o yọ ìyá rẹ?"

"Ẹ fagi lé wọn, Madam. Ẹ tún fi àmì Anago sí i."

"Èmi ni mo ṣìṣe," ni Madam wí. "Mo fagi lé e, mo tún un kà, omi bọ́ lójú mi. Bí tíṣà bá fẹ́ dá ohun tó fagi lé padà, irú àmì yẹn ló ń fi sábẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ stet ni pé kí o jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo ohun tí o kọ."

Tàíbátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí ohùn fi há a. Ẹkún kò dá ìdíje padà. Nígbà tí wọ́n parí ìdánwò, ọ̀dọ̀ Àǹtí Zuweira ní Kotobabi ló gbà lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, abéèrè kì í ṣìnà. Ohun tí olùkọ́ kọ tí kò bá yé yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún yín, ẹ má sì fi ìbínú túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ bi. Ìṣísẹ̀ méjìlá péré ló wà láàárín kíláàsì Tàíbátù àti ọ́fíìsì Madam Afua.