Wèrè Tí Bámiṣẹ́ Lẹ̀ Mọ́ Ìyàwó Rẹ̀

"Ta ló sọ fún wọn pé mo ya wèrè? Bàbá Kíkí, ẹ dá mi lóhùn!"

Keturah ló ń bi Bámiṣẹ́ ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkà èèyàn! Ẹni tí Keturah ti ń gbọ́únjẹ fún láti ọdún mẹ́sàn-án ló ń gbẹ́ kòtò dè é!

Bámiṣẹ́ ni olórí akọrin ìjọ wọn ní Èrúwà. Òun ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní dùrù títẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Keturah wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin n'Íbàdàn, tí àwọn ìjọ Lanlate àti Tápà ń ránṣẹ́ pè é, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ọkọ rẹ̀ mọ́, owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọkùnrin náà lọ́kàn. Keturah kò fura. Orin tuntun tó bá kọ, ọkọ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún.

"Ariwo lásán," ni Bámiṣẹ́ máa ń wí.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde lásìkò ìsinmi, Keturah ló gba ipò kìíní. Ilé-ẹ̀kọ́ fún un ní sikọ́láṣíìpù tí yóò fi kàwé parí. Nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ ló wà nínú fọ́ọ̀mù, òun ni wọ́n pè. Ẹ gbọ́ èsì tí aláìláàánú yìí fọ̀: "Orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn." Ó tún fi lẹ́tà tì í lẹ́yìn! Ó wá sọ fún Keturah pé wọn kò mú un fún sikọ́láṣíìpù kankan. Obìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, Bámiṣẹ́ sì ń bá a nu omijé. Àgàbàgebè!

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Dókítà Rosaline, olùkọ́ Keturah nílé-ẹ̀kọ́ orin, gbé ọsàn dání wá kí aláìsàn. Ó bá a lẹ́yìnkùlé, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń kọrin.

"Keturah, ṣé o dá mi mọ̀?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, mà! Kí ló lè ṣe mí tí n kò fi ní dá yín mọ̀?"

Dókítà mú lẹ́tà jáde. Keturah mọ ìkọ̀wé náà. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló figbe ta, tí ọkọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, tó sì bi í ta ló pe òun ní wèrè.

"Èmi ni mo kọ́ ọ!" Bámiṣẹ́ bú jáde níkẹyìn. "Ní báyìí, 'ọkọ Keturah' ni wọ́n ń pè mí káàkiri Èrúwà!"

"Ìyẹn lo fi lẹ wèrè mọ́ ìyá ọmọ rẹ lára?" Màmá Bámiṣẹ́ dìde, èèpo ẹ̀gẹ́ ń já bọ́ lára rẹ̀. "Òótọ́ ni, inú ilé laṣeni ń gbé! Mo fi ọmú tí o mu búra, n kò ní bá ọ bo èyí!"

Dókítà Rosaline ní àwọn kò tíì fún ẹlòmíràn ní sikọ́láṣíìpù náà. Òun ló ní kí wọ́n dúró kí òun fojú ara òun rí i.

Lọ́jọ́ ìfẹ̀bùnfúnni, Keturah tẹ dùrù tí gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró. Màmá Bámiṣẹ́ gbé Kíkí sí èjìká kó lè rí ìyá rẹ̀. Ìjọ gbọ́ nípa lẹ́tà náà, wọ́n yọ Bámiṣẹ́ nípò. Kò sí akọrin kan tó bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ó ní kí ìyá òun bá òun lọ bẹ Keturah lọ́dọ̀ àwọn àna òun n'Ígbó-Ọrà. Ìyá ní ẹsẹ̀ òun kò gbé e. Bámiṣẹ́ dá gun ọ̀kadà lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójúde wọn.

"Dìde, eruku ń bà ọ́ láṣọ jẹ́," ni baba Keturah wí. "Ẹni tí o wá bẹ̀ ti lọ sílé-ẹ̀kọ́."